Ohùn Àwọn Bàbá Wa Tí Ó Wà Lórí Tẹ́ẹ̀pù

Ọ̀rọ̀ tí àwọn aṣojú ẹ̀ka Monrovia, ní ilẹ̀ Làìbéríà, sọ níwájú Àpéjọ Gbogbogbòò ti Ìjọ

  

Nígbà tí àwọn àgbà ní kí a wá sọ̀rọ̀ lórí tẹ́ẹ̀pù àtijọ́, ojú tì wá díẹ̀, nítorí a rò pé ọ̀rọ̀ àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ àpéjọ mímọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí a rò ó dáadáa, a rí i pé wòlíì Jeremáyà ti wà ní irú ipò tí a wà yìí. Nínú orí kẹrìndínlógójì ìwé rẹ̀ ni a ti kà nípa bí ọba Jehoiakimu ṣe fi ọ̀bẹ gé ìwé kíká tí Bárúkù kọ láti ẹnu wòlíì náà, tí ó sì ń sọ ọ́ sínú iná ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan títí gbogbo rẹ̀ fi jóná. Ìwé kan ṣoṣo ni. Bí kì í bá ṣe pé Jeremáyà ṣì wà láàyè, tí Bárúkù sì tún mú kálámù tí ó kọ òmíràn, ohun tí ọba ń fẹ́ ni ì bá ṣẹ. Àwa tí àwọn wòlíì tiwa ti lọ sinmi ńkọ́? Ta ni yóò tún un sọ fún Bárúkù?

Ẹ jẹ́ kí a sọ díẹ̀ nípa Monrovia fún àǹfààní àwọn tí kò tí ì dé ibẹ̀. Ní ọdún 1947 ni Ìjọ Olúwa ti Aládùúrà, èyí tí Josiah Òṣítẹ̀lú dá sílẹ̀ ní Ògèrè ní ilẹ̀ Rẹ́mọ ní ọdún 1930, rán òjíṣẹ́ méjì gba ojú òkun lọ sí ìwọ̀-oòrùn: Adélékè Adéjọbí lọ sí Freetown ní ilẹ̀ Sàró, S. O. Odùwọlé sì lọ sí Monrovia. Ààrẹ Tubman ni ó wà lórí àlééfà nígbà náà. Ọ̀nà tí àwọn wọ̀nyí là ni àwọn bàbá wa náà gbà nígbà tí àkókò tiwọn tó. Èdè Yorùbá ni wọ́n fi ń wàásù, ògbufọ̀ a sì máa túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Bassa tàbí Kru tàbí Gẹ̀ẹ́sì àwọn ará Làìbéríà, tí ó fi jẹ́ pé ìwàásù kan a máa gùn tó méjì.

Ní oṣù January 1954, ilé-iṣẹ́ rédíò ELWA bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ láti etí òkun ní Paynesville, lẹ́bàá Monrovia. Àwọn míṣọ́nnárì ni ó ni ín, kì í ṣe ìjọ tiwa, gbogbo ẹ̀kọ́ wọn kọ́ ni ó sì bá tiwa mu. Ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ fi ọpẹ́ wọn du wọ́n. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin àgbà tí ó jókòó síbí ni ó gbọ́ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ní èdè Yorùbá láti inú ẹ̀rọ asọ̀rọ̀mágbèsì ní abúlé yín, láìmọ̀ pé Monrovia ni ohùn náà ti ń fò wá. Ohùn tí ó ń fò wá bẹ́ẹ̀, orí tẹ́ẹ̀pù oníróòlù ni a ti kọ́kọ́ gba púpọ̀ nínú rẹ̀ sí. Láti ibẹ̀ ni àwọn ará wa ti mọ̀ pé a lè mú ọ̀rọ̀ ẹnu kí a fi pamọ́. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ Philips sì gbé kásẹ́ẹ̀tì jáde ní ọdún 1963, tí ó di ohun tí ọwọ́ tálákà lè tó lẹ́yìn ọdún díẹ̀, kò sí àjọ̀dún, kò sí ìkórè, kò sí ìṣọ́-òru tí ẹnì kan kì í gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ kalẹ̀ níwájú pẹpẹ.

Ogun wá dé. Ó bẹ̀rẹ̀ ní òpin ọdún 1989, ó sì wọ Monrovia ní àárín ọdún 1990. Ní ọjọ́ 29 oṣù July ọdún náà, a pa àwọn ènìyàn tí ó tó bí ẹgbẹ̀ta nínú ilé ìjọsìn St. Peter's Lutheran ní Sinkor, níbi tí wọ́n sá sí. Ilé-iṣẹ́ ELWA bàjẹ́ nínú ogun náà. A tún un ṣe, ìjà oṣù April 1996 sì tún bà á jẹ́ kí ó tó tún dìde. Ìsédò Mount Coffee lórí odò St. Paul, tí ó ń fún ìlú ní iná mànàmáná, bàjẹ́ ní 1990, kò sì tún ṣiṣẹ́ títí di oṣù December 2016. Nígbà tí ẹ̀mí ènìyàn ń ṣòfò báyìí, ta ni yóò rántí tẹ́ẹ̀pù?

Àpótí mẹ́ta ni tiwa wà nínú ilé míṣọ̀n. Àwọn tí ó kó ilé náà gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ lọ, wọ́n sì da tẹ́ẹ̀pù nù. Nígbà tí àwọn ará padà, wọ́n bá a nínú àgbàrá, tí ó ti tú jáde kúrò nínú ike rẹ̀ bí ìfun ẹran. Kò sí èyí tí a rí lò nínú wọn.

Ohun tí ó kù sí wa lọ́wọ́, ọ̀nà méjì ni ó gbà bọ́. Ìyá kan tí ó jẹ́ olórí akọrin di kásẹ́ẹ̀tì mọ́kànlá sínú ìró, ó sì rù ú pẹ̀lú oúnjẹ àwọn ọmọ rẹ̀ títí ó fi dé ibùdó àwọn ogúnléndé ní Buduburam ní ilẹ̀ Gánà. Kásẹ́ẹ̀tì 75 yòókù jẹ́ ẹ̀dà àwọn ìwàásù àjọ̀dún tí àwọn bàbá wa ti ń fi ránṣẹ́ sí Nàìjíríà lọ́dọọdún kí ogun tó dé. A rí wọn nínú páálí kan lórí àjà ilé ẹ̀ka wa ní Ìbàdàn, eku ti jẹ etí páálí náà, kò tí ì dé inú. Ó wà nínú ìwé ìpàdé àtijọ́ pé àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ ìgbà náà kùn pé owó tí a fi ń fi ẹ̀dà ránṣẹ́ yìí pọ̀ jù, àti pé ta ni yóò gbọ́ ọ ní Ìbàdàn. Kí Ọlọ́run ṣàánú fún àwa tí à ń kùn. Ohun tí a tọ́jú sí ilé ara wa ṣègbé pátápátá. Ohun tí a fi fún ẹlòmíràn ni ó kù. Ìdí nìyí tí a fi wá síwájú yín, nítorí ó ṣeé ṣe kí ohun ẹ̀ka mìíràn tí ó ti ṣègbé wà nínú àpótí ẹ̀ka tiyín.

Tẹ́ẹ̀pù kò le láti mọ̀. Ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni, tí a fi àtè lẹ ìyẹ̀fun ìpẹtà irin mọ́ lójú kan. Òòfà inú ẹ̀rọ ni ó to ìyẹ̀fun náà ní ìlànà bí ohùn ṣe rí. Bí àtè náà bá ń mu omi láti inú afẹ́fẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, yóò rọ̀, yóò máa lẹ̀ mọ́ irin ẹ̀rọ, ìyẹ̀fun yóò sì máa ṣí kúrò lára ike. Ìyẹ̀fun náà sì ni ohùn. Ohun tí ó bá ti ṣí sílẹ̀ kò tún ní ọ̀rọ̀ nínú mọ́. Òjò Monrovia ju 4,000 mm lọ lọ́dún, ìyẹn ju ìlọ́po mẹ́ta òjò Ìbàdàn lọ, nítorí náà àwa ni ó yẹ kí a tètè gbọ́n. Ṣùgbọ́n kí ẹ̀yin ará Èkó àti ti Cotonou má ṣe rò pé afẹ́fẹ́ tiyín gbẹ. Ẹ gbé tẹ́ẹ̀pù kúrò nílẹ̀ẹ́lẹ̀, kúrò lórí àjà tí páànù ti ń gbóná, kúrò lẹ́bàá gbohùngbohùn tí òòfà ńlá wà nínú rẹ̀. Ẹ tò ó ní òró sínú àpótí ike tí ó ní ìdérí, kí ẹ sì fi àwọn àpò kéékèèké tí ó máa ń wà nínú páálí bàtà tuntun sí i, nítorí ohun tí ó wà nínú wọn a máa fa ọ̀rinrin mọ́ra. Èyí kò ná yín ní kọ́bọ̀.

Tẹ́ẹ̀pù oníróòlù àtijọ́ mìíràn a máa rùn bí ọtí kíkan. Bí ẹ bá gbọ́ òórùn yẹn, irú ike àtijọ́ tí a ń pè ní acetate ni, ó ti ń kú lọ. Òun ni kí ẹ kọ́kọ́ mú. Èyí tí ohun funfun bá bò bí ti búrẹ́dì tí ó bu, ẹ má ṣe fẹ́ ẹ, ẹ má sì fi sínú ẹ̀rọ. Ẹ yà á sọ́tọ̀ sínú àpò tirẹ̀, nítorí a máa ran èyí tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì lè ṣe èémí ènìyàn ní ibi.

A kò ní fi àṣìṣe wa pamọ́ fún yín. Ẹ̀rọ tí a kọ́kọ́ rà jẹ́ irú ẹ̀rọ pẹlẹbẹ kan tí a ń tà ní pọ́ọ́kú, tí wọ́n ní ó ń sọ kásẹ́ẹ̀tì di fáìlì tààrà. Àwa fúnra wa ni a yan ohun pọ́ọ́kú. Ohùn tí ó ń fún wa ń gbọ̀n bí ohùn ẹni tí ibà ń ṣe, kásẹ́ẹ̀tì kẹta tí a sì fi sínú rẹ̀ ni ó jẹ mọ́nú. Àlùmọ́gàjí ni a fi gé e jáde. Ìṣẹ́jú mẹ́rin ni ó bá a lọ nínú àdúrà bàbá kan tí ó ti sùn láti ọdún 1979, a kò sì rí ẹ̀dà rẹ̀ mìíràn níbikíbi títí di òní. Nígbà tí a sọ fún ọmọ rẹ̀ obìnrin, kò bá wa jà. Ó kàn bi wá pé kí ni bàbá òun ń sọ lọ́wọ́ nígbà tí ó gé. A kò lè dá a lóhùn, nítorí a kò tí ì gbọ́ ọ rí kí ó tó já.

Láti ọjọ́ náà ni a ti fi ètò sí i. A ra ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì ńlá, irú èyí tí àwọn ènìyàn ń tò sí pálọ̀ nígbà kan, ní àlòkù ní ọjà Waterside. Àtúnṣe rọ́bà inú rẹ̀ wà nínú owó náà, ó jẹ́ dọ́là Amẹ́ríkà 45. Àpótí kékeré tí ń gba ohùn láti inú wáyà sínú kọ̀ǹpútà jẹ́ dọ́là 70. Hard disk méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gba 1 TB jẹ́ dọ́là 120. Isopropyl tí a fi ń nu ẹ̀rọ, òwú, àti ike kásẹ́ẹ̀tì òfìfo onísúkúrù jẹ́ dọ́là 25. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 260. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó wà ní yunifásítì yá wa ní kọ̀ǹpútà rẹ̀, Audacity tí a fi ń gba ohùn sílẹ̀ sì jẹ́ ọ̀fẹ́ fún gbogbo ayé. Aṣọ ẹgbẹ́ kan ṣoṣo fún ìkórè ju iye yìí lọ, a sì bẹ̀ yín kí ẹ má bínú nítorí òtítọ́.

Kí kásẹ́ẹ̀tì kankan tó wọ inú ẹ̀rọ, etí ike kékeré méjì wà ní ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ ṣẹ́ wọn, nítorí bí wọn kò bá sí níbẹ̀, ẹ̀rọ kò lè gba ohun mìíràn lé e lórí bí ọwọ́ bá ṣì. Ẹ fi òwú àti isopropyl nu irin tí tẹ́ẹ̀pù ń fara kàn, kì í ṣe lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, bí kò ṣe lẹ́yìn kásẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan bí àwọ̀ ilẹ̀ bá ń hàn lára òwú. Ẹ yí tẹ́ẹ̀pù lọ sí òpin kí ẹ sì yí i padà, kí ó lè tú ara rẹ̀ sílẹ̀. Bí ó bá ń han gooro bí ilẹ̀kùn tí kò ní òróró, ẹ dá a dúró lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tí ó mọ̀ ọ́n jù yín lọ. Àwọn kan yóò sọ fún yín pé kí ẹ yan án lórí iná. Òótọ́ ni pé àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ ń fi ooru tí a wọ̀n, bí 54 ní ìdíwọ̀n Celsius, wo irú tẹ́ẹ̀pù oníróòlù kan sàn fún wákàtí púpọ̀. Ṣùgbọ́n ààrò ìdáná kò lè ṣe iṣẹ́ yẹn, tẹ́ẹ̀pù acetate kò sì gbọdọ̀ sún mọ́ ọn rárá.

Ohun kan wà tí kò sí ẹni tí ó kọ́kọ́ sọ fún wa, òun ni ó sì ṣe wá ní àǹfààní jù. Súkúrù kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí ẹ̀rọ, níbi tí tẹ́ẹ̀pù ti ń kọjá. Òun ni ó ń gbé orí náà sọ́tùn-ún tàbí sósì ní ìwọ̀n irun. Ẹ̀rọ tí ó gba ohùn sílẹ̀ ní 1975 lè ti wọ́ díẹ̀, ẹ̀rọ tiyín kò sì wọ́ bí tirẹ̀, nítorí náà ohùn yóò dàbí ohùn ẹni tí ó fi aṣọ bo ẹnu. Ẹ yí súkúrù náà díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa tẹ́tí sí ìró ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti ìró lẹ́tà ṣ lẹ́nu oníwàásù, títí wọn yóò fi mọ́ ketekete. Kásẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan ni a ń ṣe é fún. Ìwàásù kan wà tí a ti kọ sílẹ̀ pé ó ti bàjẹ́; ìyípo súkúrù kan ṣoṣo ni ó jí i dìde.

Wáyà ni ohùn ń gbà láti inú ẹ̀rọ lọ sínú kọ̀ǹpútà. A sọ èyí nítorí pé àwọn ará kan ń lé àwọn ọmọdé kúrò ní àyíká, wọ́n ń dúró kí òjò orí páànù dá kí a tó ṣiṣẹ́. Òjò kò lè wọ ibẹ̀. Ohun tí ó lè wọ ibẹ̀ ni kíkùn iná jẹnẹrétọ̀, nítorí náà kọ̀ǹpútà ni kí ó máa lo bátìrì tirẹ̀. Kí ẹ má sì jẹ́ kí ohùn ga jù nígbà tí ó ń wọlé. Ohùn tí ó relẹ̀ ṣeé gbé sókè lẹ́yìn. Èyí tí ó ga ju òṣùwọ̀n lọ ti fọ́, kò ṣeé tún ṣe.

Bí kọ̀ǹpútà ṣe ń ṣe é ni pé ó ń wọn ohùn náà ní ìgbà 48,000 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, ó sì ń kọ ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ ní bit 24. IASA, ẹgbẹ́ àgbáyé àwọn tí ń tọ́jú ohùn, fẹ́ 96,000 níbi tí agbára bá gbé e, ṣùgbọ́n 48,000 ni ó kéré jù tí wọ́n gbà. Wákàtí kan gba bí 1 GB. Nínú kásẹ́ẹ̀tì 86 wa, 52 jẹ́ oníwákàtí kan, 34 jẹ́ oníwákàtí kan ààbọ̀, àpapọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ wákàtí 103. Kò gbà ju ìdá kan nínú mẹ́sàn-án hard disk kan lọ. Àyè kọ́ ni ìṣòro, àkókò ni. Kò sí ọ̀nà àbùjá: ìwàásù wákàtí kan yóò gba wákàtí kan. Alẹ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, kásẹ́ẹ̀tì méjì lálẹ́, pẹ̀lú iná tí ń lọ tí ń bọ̀, ó gbà wá ní oṣù márùn-ún.

A tún padà sọ́dọ̀ Jeremáyà. Ní orí kejìlélọ́gbọ̀n, nígbà tí ó ra oko ní Anatoti, ìwé méjì ni a kọ, èyí tí a fi èdìdì dì àti èyí tí a ṣí sílẹ̀, a sì kó méjèèjì sínú ìkòkò amọ̀ kí wọ́n lè pẹ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni a ṣe. Fáìlì WAV gẹ́gẹ́ bí ó ṣe jáde láti inú tẹ́ẹ̀pù, pẹ̀lú ariwo rẹ̀, pẹ̀lú ikọ́ oníwàásù àti igbe ọmọ ọwọ́, ni èyí tí a dì ní èdìdì. A kì í fọwọ́ kàn án. MP3 kékeré ni èyí tí a ṣí sílẹ̀, òun ni a ń fi ránṣẹ́ lórí fóònù, òun ni ẹni tí ó bá fẹ́ lè fọ̀ mọ́ bí ó ti wù ú. Àwọn ọ̀dọ́ wa kọ́kọ́ bá wa jiyàn pé kí a fọ gbogbo rẹ̀ mọ́ kí a sì sọ èyí tí ó ní ariwo nù. A kò gbà fún wọn. Ariwo tí ẹ fọ̀ dànù lónìí lè mú ọ̀rọ̀ kan lọ pẹ̀lú, ẹ̀rọ ọ̀la sì lè fọ̀ ju tòní lọ. Nítorí ìdí kan náà, a kò sọ kásẹ́ẹ̀tì nù lẹ́yìn tí a ti gbà á sílẹ̀ tán.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé àwọn ìjọba ńlá nìkan ni ó lè ṣe irú iṣẹ́ yìí, kí ó wo Guinea tí ó bá wa pààlà. Ilé-iṣẹ́ rédíò ìjọba wọn ní Conakry ní tẹ́ẹ̀pù oníróòlù nínú yàrá rẹ̀. Láti ọdún 2008 títí di 2013 ni ọ̀mọ̀wé kan láti Australia, Graeme Counsel, ti ń lọ síbẹ̀ tí ó sì ń jókòó ti ẹ̀rọ pẹ̀lú àwọn òṣìṣẹ́ ilé náà, Ilé-ìkówèésí ti Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sì fi owó ràn án lọ́wọ́. Orin 9,410 ni wọ́n gbà là. Ní ọdún 2019 ni UNESCO àti IASA kìlọ̀ fún gbogbo ayé pé bí ó bá fi máa di nǹkan bí ọdún 2025, ẹ̀rọ tí ó lè ka tẹ́ẹ̀pù yóò ti ṣọ̀wọ́n tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀pọ̀ tẹ́ẹ̀pù kò ní ṣeé gbọ́ mọ́, ì báà jẹ́ pé tẹ́ẹ̀pù náà kò tí ì bàjẹ́. Ọdún náà ti dé bá wa. Nígbà tí a padà lọ sí Waterside láti ra ẹ̀rọ kejì, a kò rí i.

Orúkọ fáìlì wa kúrú, kò ní àmì ohùn, nítorí kọ̀ǹpútà mìíràn a máa da àmì ohùn rú: MON-014-A túmọ̀ sí Monrovia, kásẹ́ẹ̀tì kẹrìnlá, ojú kìíní. Nínú ìwé àkọsílẹ̀ kan ni a ti ń kọ ìyókù: ta ni ó ń sọ̀rọ̀, ta ni ògbufọ̀, ọdún wo, ẹsẹ Bíbélì wo, orin wo. Ibí yìí ni iṣẹ́ ti le jù, kì í sì í ṣe ẹ̀rọ ni yóò ṣe é. Ohun tí a kọ sára kásẹ́ẹ̀tì kì í sábà jẹ́ òtítọ́. Ọ̀kan tí a kọ Ìkórè 1984 sí lára, orin jùjú ni ó kún ojú kejì rẹ̀. Ìyá olórí akọrin tí a ti dárúkọ iṣẹ́ rẹ̀ ni ó ń dá ohùn mọ̀ fún wa. Ó ti lé ní ẹni ọgọ́rin ọdún. Yóò dijú, yóò tẹ́tí, yóò ní, "Bàbá Làgbájá nìyẹn, eyín rẹ̀ iwájú ti yọ nígbà náà, ẹ gbọ́ bí ó ṣe ń pe s." Ohùn ògbufọ̀ mẹ́sàn-án wà tí òun náà kò mọ̀. Ó ní àwọn tí ó lè mọ̀ wọ́n wà, ṣùgbọ́n ogun ti tú wọn ká.

Ọ̀rọ̀ kan kù tí a kò lè dá parí, tí a fi gbé e wá síwájú Àpéjọ. Ẹ̀yin náà mọ irú ìjọ tí a jẹ́. Lórí kásẹ́ẹ̀tì mẹ́tàlá nínú àwọn wọ̀nyí, kì í ṣe ìwàásù nìkan ni ó wà níbẹ̀. Ìran wà níbẹ̀, ìsọtẹ́lẹ̀ wà níbẹ̀, ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ wà níbẹ̀, pẹ̀lú orúkọ àwọn ènìyàn, orúkọ àwọn tí a ní wọ́n ń ṣe ibi sí ẹlòmíràn, orúkọ obìnrin tí ó sunkún nípa ilé ọkọ rẹ̀ ní òru ìṣọ́ kan. Àwọn mìíràn nínú wọn ṣì wà láàyè, àwọn ọmọ wọn sì ń jọ́sìn pẹ̀lú wa. A ti gba gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ sínú ẹ̀dà tí a dì ní èdìdì, nítorí a kò rò pé ó tọ́ kí a pa ohun tí a sọ níwájú Ọlọ́run run. Ṣùgbọ́n a kò ṣe ẹ̀dà tí a ṣí sílẹ̀ fún wọn. Àwọn kan ń rọ̀ wá pé àwọn ìsọtẹ́lẹ̀ tí ó ti ṣẹ yẹ ní gbígbọ́ fún ògo Ọlọ́run. Àwa rò pé ẹni tí ó sọ̀rọ̀ ní àṣírí níwájú pẹpẹ kò mọ̀ pé fóònù ń bọ̀ wá sáyé. Títí Àpéjọ yóò fi pàṣẹ, ẹbí ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn ni a ń jẹ́ kí ó gbọ́, ní ìkọ̀kọ̀, bí wọ́n bá béèrè.

Hard disk kan wà ní Monrovia, ìkejì ni a gbé wá sí Nàìjíríà nínú àpò wa, yóò sì kù síbí. Ẹ̀kẹta ni a ń bẹ̀ yín fún, dọ́là 60 ni, kí ó lè lọ sí Accra, ìlú tí kò sí nínú ewu kan náà pẹ̀lú àwọn méjì yòókù. Hard disk náà a máa kú. Nítorí náà a ń fẹ́ ẹnì kan ní ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan tí yóò máa ṣí i wò lọ́dọọdún, tí yóò sì kó o sí tuntun lẹ́yìn bí ọdún márùn-ún. Kì í ṣe olóyè ni a ń wá fún èyí, ẹni tí kì í gbàgbé ni.

Nígbà tí ẹ bá padà délé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo orí àjà, ẹ wo abẹ́ pẹpẹ, ẹ wo inú àpótí àwọn ìyá tí ó ti sùn kí àwọn ọmọ wọn tó kó ẹrù dà sí ààtàn. Bí ẹ bá rí kásẹ́ẹ̀tì, ẹ má ṣe fi sínú ẹ̀rọ kankan láti dán an wò. Ẹ ṣẹ́ etí rẹ̀, ẹ dì í, ẹ kọ ibi tí ẹ ti rí i sí i lára, kí ẹ sì fi ìròyìn rẹ̀ ránṣẹ́ sí wa.

A gbé ohùn àwọn ògbufọ̀ mẹ́sàn-án náà wá pẹ̀lú wa, ìṣẹ́jú méjì méjì ni. Tábìlì wa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà ìhà àríwá lẹ́yìn ìpàdé yìí, títí di agogo mẹ́fà. Ẹnikẹ́ni tí ó bá gbé ní Monrovia rí kí ogun tó dé, tàbí tí ó gbọ́ Bassa tàbí Kru, kí ó jọ̀wọ́ yà bá wa.